Àwọn Mẹ́gáàdì Tó Gbàgbé Ọdún

Èmi kì í ṣe onísùúrù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀gá Ernest pè mí lórí fóònù láti Àìláǹdì, níbi tí olú ọ́fíìsì wa wà, ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2008, tó ní, "Débọ́lá, kò sí èyí tó ṣí nínú méjèèjìlá," èsì tí mo fún un ni pé irọ́ ni. Ọ̀gá mi ni o, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Mo ní irọ́ ni, mo tún ní kó lọ tún un tẹ̀ dáadáa.

Ohun tó fà á ni pé ní Fúráìdè tó ṣáájú, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ló ṣí. Ojú mi ló ṣe.

Iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ni pé à ń tọ́jú èsì ìdánwò àwọn ilé-ìwé aládàáni, láti Mile 2 títí dé Badagry. Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní 23 Road, Festac. Àwa méje là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́yìn tó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń wọ súwẹ́tà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo Èkó ń làágùn, inú rẹ̀ sì ni sáfà méjìlá wà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí èsì àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wà nínú wọn. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, bíi ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Èkó.

Nínú sáfà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré kan tún wà tó ń jẹ́ kọ́ńtírólà. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ṣọ́ sáfà tó gbé e sínú. Bí sáfà bá dákú, ẹni tó jókòó sí Àìláǹdì lè bá kọ́ńtírólà sọ̀rọ̀, kó ní kó pa sáfà náà kó sì tún un tàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọkọ̀ wá sí Festac. Mẹ́gáàdì ni mo máa ń pè wọ́n. Mẹ́gáàdì tó bá mọṣẹ́ kì í ṣí géètì fún ẹni tí kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo sẹ́tífíkéètì, ìwé ẹ̀rí orí ẹ̀rọ tó ní orúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ̀rọ Ọ̀gá Ernest ní tirẹ̀, àwọn kọ́ńtírólà náà ní tiwọn. Bí Ọ̀gá Ernest bá kan géètì, mẹ́gáàdì á fi ìwé tirẹ̀ hàn án, òun náà á fi tirẹ̀ han mẹ́gáàdì. Bí ìwé méjèèjì bá pé, géètì á ṣí. Èmi ni mo to àwọn méjèèjìlá, èmi ni mo fi sẹ́tífíkéètì sínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ó ti sú Ìyáàfin Fọláyan, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, kí èèyàn máa fi odidi ọjọ́ kan rìn láti Àìláǹdì wá sí Festac nítorí sáfà kan tó dákú. Ó ní òun fún wa ní Mọ́ńdè mẹ́ta. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, kí Ọ̀gá Ernest jókòó sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó pa àwọn sáfà méjèèjìlá, kó sì tún wọn tàn. Bí ó bá yọrí lẹ́ẹ̀kan péré nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, a wà níbi tí a wà. Bí kò bá yọrí, wọ́n á kó sáfà lọ sí Àìláǹdì, wọ́n á ti ọ́fíìsì Festac pa, àwa méje á sì máa wáṣẹ́ kiri.

Festac ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, ìbò ni wọ́n dì tí ilé tí a ń gbé fi kàn án. Mo nífẹ̀ẹ́ yàrá tútù yẹn bí ẹlòmíràn ṣe ń nífẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Èrò pé wọ́n á kó o kúrò níwájú mi ń gbà mí lóorun.

Nítorí náà, lẹ́yìn Mọ́ńdè àkọ́kọ́ yẹn, mo pa gbogbo ohun tí mo ti ṣe rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sẹ́tífíkéètì tuntun méjìlá. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin tò wọ́n. Ní Fúráìdè, ọjọ́ keje oṣù, Ọ̀gá Ernest tún kan géètì láti Àìláǹdì, gbogbo rẹ̀ ṣí. Mo kígbe ògo fún Jésù débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́.

Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá, kò sí èyí tó ṣí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Mo kọjú sí Lilian. Lilian ni ẹnì kejì mi nínú yàrá náà, ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló máa ń pa àwọn sáfà ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, òun náà ló máa ń tàn wọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè.

"Kí lo fọwọ́ kàn?" Mo bi í níwájú gbogbo èèyàn.

"Bọ́tìnì ni. Bọ́tìnì méjìlá. Ṣé kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́ ni?"

"Lilian, Fúráìdè ló ṣí kẹ́yìn. Ìwọ lo wọ ibẹ̀ lẹ́yìn mi. Ṣàlàyé fún mi."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sí tábìlì mìíràn, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Mo rò pé ẹ̀rí-ọkàn ló ń dà á láàmú. Irú ọgbọ́n tí inú tó ń bí mi máa ń fún mi nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà alágbèéká mi mọ́ kọ́ńtírólà àkọ́kọ́, mo fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé temi wọ inú rẹ̀, mo sì lọ ka ìwé ìrántí rẹ̀. Kọ́ńtírólà kọ̀ọ̀kan ló ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yé mi dáadáa: àlejò kan kan géètì, ó fi ìwé ẹ̀rí hàn, wọ́n kọ̀ ọ́, nítorí pé ọjọ́ tí ìwé náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì tó.

Inú mi dùn gan-an. Ìwé àlejò ni wọ́n kọ̀, àlejò sì ni Ọ̀gá Ernest. Mo ti rí ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rù. Mo tẹ ojú ìwé náà jáde, mo sì gbé e lọ bá Bàbá Olúṣẹ̀yẹ kíákíá.

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ ni alábòójútó ọ́fíìsì wa. Ó ti lo ọdún márùndínlógójì nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kó gbogbo ìṣe ibẹ̀ wá bá wa. Ìwé rẹ́jísítà ńlá kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ì báà jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ya, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ, kí a sì fọwọ́ sí i. Ó máa ń sọ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. A ti fi bàbá yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ti rẹ̀ wá.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kọ nǹkan sínú rẹ́jísítà, kí Madam lè rí i pé ẹ̀bi Àìláǹdì ni."

Ó ṣí ìwé, ó yọ kálámù ní àpò àyà rẹ̀. "Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Àná ni sà."

"Mi ò bi ẹnu rẹ. Kí ni ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ sọ?"

Mo bojú wo ìwé náà pẹ̀lú ìkanra láti ka ọjọ́ náà fún un. Mo tún un wò. Bàbá na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè.

"Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1970, ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn aago méjì òru." Ó gbé orí sókè. "Débọ́lá, ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

"Ọdún 1979 ni sà."

"Èmi ti wà níṣẹ́ ní 1970. Akọ̀wé kékeré ni mí. Ogun ò tíì parí lọ́jọ́ tí ìwé rẹ yìí ń sọ. Ibi tí a jókòó sí báyìí, igbó àti omi ni, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Festac. Ta wá ni àlejò tó wá kan géètì níbí?"

Mo sáré padà sínú yàrá, mo so wáyà mọ́ èkejì, mo so ó mọ́ ẹ̀kẹta, títí mo fi ka ìwé ìrántí àwọn méjèèjìlá. Ọdún 1970 ni gbogbo wọn wà, ibi tí aago kọ̀ǹpútà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà bí ó bá gbàgbé ọjọ́. Ó wá yé mi yékéyéké. Èèyàn kan mú ìwé ọdún 2008 wá fún mẹ́gáàdì tó gbà pé ọdún 1970 lòun wà. Mẹ́gáàdì wo ọjọ́ ara ìwé, ó rí i pé ọdún tó wà níbẹ̀ kò tíì dé, ó sì ti géètì. Sẹ́tífíkéètì mi pé, ti Ọ̀gá Ernest náà pé. Ọdún ni àwọn mẹ́gáàdì gbàgbé.

Ó ku ohun tó mú wọn gbàgbé. Ìdí tí wọ́n fi ń mọ ọdún ní Fúráìdè, mo mọ̀ ọ́n: nígbàkúùgbà tí mo bá ń tò wọ́n, ara kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni wọ́n ti ń wo aago. Àmọ́ kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín Fúráìdè sí Mọ́ńdè?

Mo padà lọ bi Bàbá Olúṣẹ̀yẹ bóyá ẹnikẹ́ni máa ń wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ṣí rẹ́jísítà sẹ́yìn, ó sì fi ìka han mí. Fúráìdè, ọjọ́ keje, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: mo pa súìsì ńlá, mo fọwọ́ sí i. Fúráìdè, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, aago kan náà: mo pa súìsì ńlá. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo Fúráìdè, látìgbà tó ti dé ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó tẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí Lilian bá pa sáfà, kọ́ńtírólà kì í kú, ó ṣì máa ń fa iná díẹ̀ láti fi máa ṣọ́nà. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá pa súìsì ńlá tí iná gbogbo ilé ń gbà wọlé, kò sí iná kankan tó kù fún un. Bátìrì kékeré kan wà lára rẹ̀, róbótó bíi owó ẹyọ, òun ló yẹ kó bá a tọ́jú aago títí iná á fi dé. Tòkunbọ̀ sì ni tiwa. Mo tú ọ̀kan, mo fi míta wọn bátìrì rẹ̀. Ó ti kú tipẹ́tipẹ́, bóyá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi pàápàá.

Ọ̀rọ̀ kan ti dé orí ahọ́n mi tí n kò lè tún sọ níbí. Mo gbé e mì. Àgbàlagbà ni Bàbá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa súìsì ní Fúráìdè yìí. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ló kẹ́yìn."

"Rárá."

"Sà, iṣẹ́ gbogbo wa ni."

"Mo gbọ́. Dìde." Ó dúró títí mo fi dìde. "Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, fáànù kan ni wọ́n fi sílẹ̀ láìpa lọ́jọ́ Fúráìdè. Fáànù lásán. Nígbà tí a dé ní Mọ́ńdè, a ò bá fáìlì kan. Àwọn tó wá gba ìwé iṣẹ́ wọn ń sunkún lórí eérú, ọkùnrin àgbàlagbà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sí ìwé kan tó lè sọ pé ó ṣe é. Iná kan ò ní tàn nínú ilé tí kò séèyàn níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ mi. Èsì ìdánwò ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà nínú yàrá yẹn."

Inú bí mi, ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé òtítọ́ ló sọ. Wáyà ilé náà ti gbó. Ọ̀nà tí a máa gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí Bàbá á fi pa súìsì rẹ̀, tí àwọn mẹ́gáàdì kò sì ní gbàgbé ọdún.

Kí n tó ṣe nǹkan mìíràn, mo lọ bá Lilian nídìí tábìlì tó sá lọ.

"Lilian, jọ̀ọ́, má bínú. Mo ṣì ọ́ mú. Ẹnu mi yára ju ọpọlọ mi lọ."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ló wí. Ó tún ìwé ọwọ́ rẹ̀ tò díẹ̀. "Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an?"

Mo sọ fún un. Kó tó di pé mo sọ̀rọ̀ parí, ó ti ń wá báàgì rẹ̀. Òun ló rántí pé irú bátìrì yẹn náà ni wọ́n ń fi sínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀. A jọ lọ sí Mazamaza, a sì ra méjìlá lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ìkẹ́, tó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ oríṣiríṣi sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ní Wẹ́sìdeè, a ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, mo sì ti fi aago sínú wọn. Mo bẹ Bàbá pé kó bá wa pa súìsì ńlá fún wákàtí méjì. Ó pa á, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó tún un tàn, mo ka aago wọn. Mẹ́sàn-án mọ ọjọ́ òní. Mẹ́ta ti padà sí 1970.

Bí mo ṣe dé Mazamaza lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìkẹ́ dúró, ó jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ mi tán.

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀," ó wí. "Bí wọ́n ṣe kó o wá nínú páálí ni mo ṣe tà á. Ẹ wá, ká jọ wò ó."

Ó mú míta tirẹ̀, ó já páálí tuntun, ó ń wọn bátìrì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú mi, ó ń ju èyí tí kò pé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kó mẹ́ta tó dára fún mi, ó tún fi méjì lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè náà, Bàbá tún súìsì pa, ó tún un tàn, àwọn méjèèjìlá sì mọ ọjọ́.

Ní Fúráìdè, Ọ̀gá Ernest gbìyànjú rẹ̀, gbogbo wọn ṣí. "Bó ṣe máa ń ṣí nìyẹn ní Fúráìdè," ló wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo dúró ti Bàbá nígbà tó pa súìsì. Mo ń wo àwọn iná wíńníwínní ara kọ́ńtírólà bí wọ́n ṣe kú lójú mi. Ní Sọ́ńdè, pásítọ̀ wàásù, mi ò lè sọ ohun tó wàásù lé lórí.

Mọ́ńdè kẹta bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún. Kí n tó dé ọ́fíìsì, mo ti rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró sẹ́nu géètì, tó ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀, pẹ̀lú fóòmù àti okùn nínú rẹ̀. Ìyáàfin Fọláyan fúnra rẹ̀ ló wá, pẹ̀lú Ọ̀gá Ernest. Ọ̀gá Ernest ti fi igbákejì rẹ̀, Ọlábánjí, sídìí ẹ̀rọ ní Àìláǹdì, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè máa gbọ́ ọ. Lilian ti tan àwọn sáfà. Mo ti yẹ aago àwọn mẹ́gáàdì wò láàárọ̀, wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n mọ ọdún. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Ní aago mẹ́wàá, Ọ̀gá Ernest ní, "Ọlábánjí, ó yá."

Ìṣẹ́jú kan kọjá. "Ẹ̀kínní kọ̀, sà," ni ohùn inú fóònù wí. "Èkejì kọ̀." Ó ń kà á lọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó fi dé ẹ̀kejìlá, kò sí ẹyọ kan tó ṣí.

"Madam, mo sọ fún yín," ni Ọ̀gá Ernest wí. Kò pariwo, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn yíjú sí ojú fèrèsé, níbi tí ọkọ̀ wà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n ka ìwé ìrántí wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mọ́ńdè mẹ́ta ti pé," ni Ọ̀gá Ernest dáhùn.

Ìyáàfin Fọláyan wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ló wí.

Mo so wáyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni ọjọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Wọn kò gbàgbé. Mo wá ka ìdí tí wọ́n fi ti géètì. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo dìde, mo sì kà á sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí àlejò, nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí ló parí.

"Ìwé ta ni?" ni Ìyáàfin Fọláyan bèèrè.

"Ìwé Àìláǹdì ni mà. Sẹ́tífíkéètì ẹ̀rọ Ọ̀gá Ernest."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá Ernest wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù. "Ọlábánjí, ṣí sẹ́tífíkéètì wa, ka ọjọ́ ìparí rẹ̀ fún mi."

Gbogbo wa sún mọ́ tábìlì. Fáànù àwọn sáfà nìkan ló ń dún.

"Sà," ni Ọlábánjí wí, "Sátidé ló parí, sà."

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bi mí nípa ìwé méjìlá, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ wúkọ́ díẹ̀, ó sì ń kọ nǹkan.

Ìyáàfin Fọláyan ò wo Ọ̀gá Ernest. Èmi ló ń wò. "Débọ́lá, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti parí wá kan géètì, àwọn ẹ̀rọ yìí ò sì ṣí fún un. Ṣé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn?"

"Ohun tó yẹ gan-an ni, mà. Bí wọ́n bá ṣí fún un ni kí ẹ kó wọn lọ."

"Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ló ń ṣe wọ́n?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọdún 1970, bátìrì tó kú, Mazamaza, súìsì ńlá tí Bàbá kò gbà kí n mú kúrò. Mo sọ pé Bàbá ló rí ọdún náà, nítorí pé òótọ́ ni. Mo sọ pé mo fẹ̀sùn kan Lilian láìnídìí, èyí náà òótọ́ ni. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá yíjú.

"Ernest, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí ẹ tó ṣe ìwé tuntun?"

"Ìdajì wákàtí, mà."

"A máa dúró."

A dúró. Kò sí ẹni tó jókòó àfi òun. Ní aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ohùn Ọlábánjí tún wọlé. "Ẹ̀kínní ti ṣí, sà." Lójú wa níbẹ̀, sáfà àkọ́kọ́ dákẹ́ wọ̀ọ̀, iná iwájú rẹ̀ kú, ó sinmi díẹ̀, ó sì ké gbàù padà. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ẹ̀kẹfà, Lilian ti di ọwọ́ mi mú tó ń dùn mí, mo sì di tirẹ̀ náà mú. Ẹ̀kejìlá ló pẹ́ jù, ó dákẹ́ títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, kó tó ké padà. Mo kígbe halelúyà sínú yàrá náà níwájú ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, ojú ò sì tì mí rárá.

Ìyáàfin Fọláyan dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ernest, sáfà mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín ní Àìláǹdì?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ọkọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá yín padà. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, kó kó wọn wá fún Débọ́lá, òun ni yóò máa bójú tó gbogbo sẹ́tífíkéètì ilé-iṣẹ́ yìí láti òní lọ. Tiyín náà wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ọ̀gá Ernest wí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Débọ́lá, ọjọ́ wo ni àwọn tìrẹ máa parí?"

Mo ka ọjọ́ àwọn méjèèjìlá fún un láìwo ìwé. Ó mi orí, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ní Wẹ́sìdeè, ọkọ̀ akẹ́rù náà padà dé, wọ́n sì gbé sáfà mẹ́rin sílẹ̀ sẹ́nu géètì. Mo gbé èyí àkọ́kọ́ gun òkè fúnra mi. Ó wúwo, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e.